Àwọn Tó Dákẹ́ Nígbà Tí A Bi Wọ́n

Bí ìdìbò sípò ààrẹ bá ti ń sún mọ́lé ní Nàìjíríà, tí àwòrán àwọn olùdíje bá ti bo ògiri láti oríta Ìkòtún títí dé Ìyànà Ìpájà, tí awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ bá ti ń jiyàn láti Ìgàndó títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, irú ìròyìn kan a máa jáde nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò, tí yóò sọ pé àwọn kan ti bi ará ìlú léèrè, àti pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò dìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ìdá báyìí fún èkejì. Inú àwọn ọmọlẹ́yìn ẹni tí wọ́n ní ó ń léwájú a máa dùn ṣìnkìn; àwọn ti ẹni tí wọ́n ní ó ń bọ̀ lẹ́yìn a sì ní irọ́ gbuu ni, pé rìbá ni wọ́n gbà.

Ìwádìí èrò olùdìbò kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdìbò. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó mú ènìyàn díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀, ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lọ́nà kan náà, ó sì ti ara ìdáhùn wọn sọ ohun tó ṣeé ṣe kí gbogbo ìlú máa rò ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Àwọn bàbá wa ti mọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ máa tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lemọ́lemọ́, nítorí wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ẹni tó bá sì gbé iye tí wọ́n rí ní oṣù Kẹsàn-án, tó fi ń búra lórí ìdìbò oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ifá ọrún tó kọjá ló ń kì fún ọrún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ti ọdún 2023 wò. Ilé-iṣẹ́ NOIPolls, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, tí orúkọ rẹ̀ sì ti ara orúkọ Dókítà Ngozi Okonjo-Iweala wá, ló ṣe ìwádìí lórí tẹlifóònù fún ANAP Foundation, àjọ tí Ọ̀gbẹ́ni Atedo Peterside dá sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n kéde pé Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour Party ní ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, pé Bọ́lá Ahmed Tinúbú ti APC àti Atiku Abubakar ti PDP ní ìdá 13 ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti pé Rabiu Kwankwaso ti NNPP ní 3. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Obi ti di 23, Tinúbú wà lójú 13, Atiku ti di 10, Kwankwaso 2. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé Obi ń léwájú, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìròyìn náà dé ìsàlẹ̀ ni yóò rí i pé ní oṣù Kẹsàn-án, ìdá 32 ní àwọn kò tíì mọ ẹni tí àwọn yóò yàn, ìdá 15 sì kọ̀ jálẹ̀, wọn kò sọ. Ní oṣù Kejìlá, àwọn tí kò tíì mọ̀ jẹ́ 29, àwọn tó kọ̀ láti sọ sì ti ròkè dé 23. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Àwọn tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni lápapọ̀ jẹ́ ìdá 52, wọ́n ju ìlọ́po méjì àwọn tó dárúkọ ẹni tó wà níwájú lọ.

Ìdìbò wáyé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023. Nínú èsì tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, kéde, Tinúbú ní ìbò 8,794,726, Atiku ní 6,984,520, Obi ní 6,101,533, Kwankwaso sì ní 1,496,687. Atiku àti Obi gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé-ẹjọ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì da ẹjọ́ wọn nù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ, pé òpùrọ́ paraku ni àwọn olùwádìí.

Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ tún àwọn iye náà wò: ìwádìí orí tẹlifóònù fún Obi ní 23 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi, ó sì rí ìdá 25 àti díẹ̀ nínú ìbò tí wọ́n kà. Ìwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní wọ́n parọ́ mọ́ ọn kò rí nǹkan dì mú. Tinúbú ni ó kúrò lójú 13 tó dé ìdá 36 àti ààbọ̀, Atiku ni ó kúrò lójú 10 tó dé 29. Bí ẹni pé gbogbo àwọn tó lè sọ̀rọ̀ ní gbangba fún Obi ti sọ tiwọn tán ló rí, tí àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ mì sì lọ sọ ọ́ síbòmíràn ní ọjọ́ ìdìbò. Àwa tí à ń ka ìròyìn ló jẹ̀bi, a pín àwọn tó dákẹ́ fún àwọn olùdíje lọ́kàn ara wa, bí ẹni pé bí ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣe ń rò náà ni ẹni tó panu mọ́ ń rò.

Kí ló ń mú ènìyàn panu mọ́? Ẹ jẹ́ kí ọmọ òṣìṣẹ́ ìwádìí kan pe ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìkòtún lọ́sàn-án. “Ẹ káàsán o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè díẹ̀ ni mo ní lórí ìdìbò tó ń bọ̀.” Èsì tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni, “Ta ló fún ẹ ní nọ́ńbà mi?” Nítorí kò sí ẹni tí àwọn gbájúẹ̀ kò tíì pè rí, tí wọn kò tíì ní kó ka nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì báńkì rẹ̀ fún àwọn. Bí kò bá tilẹ̀ sí ti gbájúẹ̀, oníbàárà ń dúró, ẹni tó jókòó tì í sì lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, ìyálọ́jà lè máa gbọ́. Inú jìn, ẹni tó sì ń gbé láàrin onírúurú ẹ̀yà nínú ọgbà kan ṣoṣo, Yorùbá, Ígbò, Ìgédè, Ẹ̀gùn, a tètè kọ́ pé ẹyin lohùn, pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú tí a kò bá sọ kò lè da àárín ará ilé rú.

Nísinsìnyí, báwo ni ènìyàn ẹgbẹ̀rún kan ṣe lè ṣojú fún mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún? Ẹni tó fẹ́ ra gààrì lódidi àpò kò ní jẹ gbogbo rẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ó kan tàbí kò kan. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó jù ú sẹ́nu, ó ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nínú ìrajà mọ̀ pé oníṣòwò a máa fi èyí tó kúnná sókè àpò, nítorí náà ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ó bù ú láti àárín, ó bù ú láti ẹ̀gbẹ́. Bí ọwọ́ bá ti dé ibi gbogbo bákan náà, ẹgbẹ̀rún kan tó. Àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ orí àpò nìkan ni ọwọ́ dé, mílíọ̀nù kan kò tó.

Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó tí Ìkòtún, Ìgàndó àti Ẹ̀gbẹ́dá wà nínú rẹ̀, gan-an ni ibi tí ọwọ́ kò ti rọrùn láti dé ìsàlẹ̀ àpò. Ilẹ̀ àwọn Àwórì, ọmọ Ògúnfúnminire, ni. Oko àti abúlé ló jẹ́ kí ìgboro Èkó tó ya wọ̀ ọ́ bí ìkún omi. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ìkànìyàn orílẹ̀-èdè ní ènìyàn 1,277,714 ló ń gbé ibẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ó ní wọ́n jẹ́ 2,047,026. Láti ìgbà náà a kò tún ka orí ènìyàn mọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fẹ́ kà ní ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú. Olùwádìí tó fẹ́ mọ iye ènìyàn tó yẹ kó bi ní Alímọ̀ṣọ́ yóò yàn nínú iye méjì tó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin dín ní ọgbọ̀n jura wọn lọ, tí méjèèjì sì ti gbó. Bí ó bá tilẹ̀ rí i yàn, ẹ wo ohun tí yóò kù sí i lọ́wọ́: bí ó bá bi ènìyàn 3,000 ní gbogbo Nàìjíríà, tó sì pín wọn gẹ́gẹ́ bí orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò, nǹkan bíi 227 ni yóò bọ́ sí ìpínlẹ̀ Èkó, nínú èyí tí ti Alímọ̀ṣọ́ kò ní ju 26 sí 32 lọ, gẹ́gẹ́ bí iye tó bá yàn. Olóṣèlú tó bá gbé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ sókè ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó ní ó ti fi hàn pé Alímọ̀ṣọ́ ti di tòun, ẹnu ọgbọ̀n ènìyàn ló fi ń jẹ.

Àwọn kan kì í lo tẹlifóònù, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Afrobarometer, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: òṣìṣẹ́ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n bá yàn fún un, a ka ilé lọ, a yà sí èyí tí ìṣirò bá mú, bí ó bá bi ọkùnrin níhìn-ín, obìnrin ni yóò bi ní ibi tó kàn. Ọ̀nà tó dára ni, títí yóò fi dé ẹnu géètì àdúgbò ní Ìgàndó, tí ẹ̀ṣọ́ yóò ní kó lọ rí alága ẹgbẹ́ onílé ná. Bí wọ́n bá yọ̀ǹda fún un, ilé tó kàn lè jẹ́ èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí face-me-I-face-you, yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, ìdílé kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ilé kan nìyẹn lójú ẹni tó ń ka òrùlé, ilé méjìlá ni lójú ẹni tó ń ka ìkòkò ọbẹ̀. Yóò ṣẹ́ kèké, kèké yóò mú yàrá kan. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti jí jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Erékùṣù, kò ní wọlé kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìyàwó ilé tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé ní, “Ẹ bi èmi, mo wà níkàlẹ̀,” ọmọ òṣìṣẹ́ tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ a sì fẹ́ gbà. Bí ó bá gbà, àwọn tó ń wà nílé lọ́sàn-án ló ti ń bi, kì í ṣe Ìgàndó.

Ọ̀nà kan tún wà tó yá ju ẹsẹ̀ lọ, tó sì léwu jù ú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 kan náà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Premise bá iléeṣẹ́ ìròyìn Bloomberg bi ènìyàn 3,973 láti orí fóònù ìgbàlódé; ìdá 92 nínú wọn ní àwọn ti pinnu, 72 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó pinnu sì ní Obi ni. Ta ló ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, tó ní dátà, tó sì ní àyè láti dáhùn? Ọ̀dọ́ ìgboro ni, kì í ṣe ìyá àgbà tó wà ní abúlé Kébbí. Ohun tó jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1936: ìwé ìròyìn Literary Digest fi káàdì ránṣẹ́ sí bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn tó rí orúkọ wọn nínú ìwé tẹlifóònù àti ìwé àwọn onímọ́tò, èyí tó lé ní mílíọ̀nù méjì dá a padà, ó sì kéde pé Alf Landon ni yóò wọlé. Franklin Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. George Gallup, tó bi ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tó fara balẹ̀ yàn, ló mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, bí gbogbo ènìyàn bá tilẹ̀ dáhùn tọkàntọkàn, ó ṣì ku ẹni tí yóò jáde. Orúkọ 93,469,008 ló wà nínú ìwé olùdìbò ní ọdún 2023. Kò ju ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó dìbò. Ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, níbi tí Obi ti rí ìbò 582,454, tí Tinúbú tó ti ṣe gómìnà ibẹ̀ rí sì ní 572,606, ènìyàn 1,347,152 ni wọ́n ṣàyẹ̀wò káàdì wọn nínú 7,060,195 tó forúkọ sílẹ̀: wọn kò pé ẹyọ kan nínú márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ Stears, tó bi ènìyàn 6,220, nìkan ni mo rí tó dìídì fi ìyẹn sínú ìṣirò. Wọ́n ní bí èrò bá jáde púpọ̀, Obi ni, bí wọn kò bá jáde, Tinúbú ni. Àwọn tó kà á nígbà náà mú apá kan, wọ́n fi ìkejì sílẹ̀.

Ní Gánà ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Global InfoAnalytics tí Mussa Dankwah ń darí sọ ṣáájú ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé John Mahama yóò ní ìdá 52 àti díẹ̀, pé Mahamudu Bawumia yóò ní 41 àti díẹ̀. Mahama ní ju 56 lọ, Bawumia ní 41 àti díẹ̀. Gánà ka orí ènìyàn rẹ̀ ní ọdún 2021, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò rẹ̀ ló sì jáde. Òye àwọn olùwádìí ibẹ̀ kò ju ti àwọn tiwa lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé ló le.

Ìdìbò ọdún 2027 ń bọ̀, irú ìròyìn wọ̀nyí yóò sì tún pọ̀ bí ewé. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin akọ̀ròyìn àti ẹ̀yin oníléeṣẹ́ ìwádìí: ẹ má ṣe fi iye àwọn tó dákẹ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé mọ́, orí ìròyìn gan-an ni kí ẹ gbé e sí, ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tó ń léwájú, kí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe rí àwọn tí ẹ bi, yálà lórí fóònù ni tàbí lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.