Oògùn Tí Èrò Gbè, Tí Ara Kò Gbà

Ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso dáadáa kì í sábà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ẹni tí kì í jẹ wọ́n. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé beta-carotene pọ̀ níbẹ̀. Beta-carotene ló ń fún kárọ́ọ̀tì ní àwọ̀ rẹ̀. Ó wà nínú epo pupa wa náà, ara sì máa ń sọ ọ́ di fítámì A.

Èrò tó tẹ̀ lé e rọrùn: bí ẹ̀fọ́ bá ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró, tí beta-carotene sì wà nínú ẹ̀fọ́, ẹ jẹ́ ká fi ṣe hóró oògùn fún àwọn tó ń mu sìgá.

Ní Finland, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá jọ, àwọn ẹni ọdún 50 sí 69. Kèké ni wọ́n fi pín wọn: àwọn kan ń gba beta-carotene mílígíráàmù 20 lójoojúmọ́, àwọn yòókù kò gbà á. Wọ́n ṣe é fún ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ. Èsì jáde ní 1994: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó gba beta-carotene.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn tó ń mu sìgá, àwọn tó ti mu ún rí àti àwọn tó ti bá asbestos, èròjà ìkọ́lé tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ṣiṣẹ́ ní beta-carotene pẹ̀lú fítámì A. Ní oṣù kìíní ọdún 1996, wọ́n dá ìwádìí náà dúró láìtó àkókò, nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó gba oògùn náà.

Níbo ni èrò náà ti kọsẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ sábà máa ń tọ́jú ara wọn ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Beta-carotene inú ẹ̀jẹ̀ wọn lè jẹ́ àmì ìgbé ayé wọn, kó má jẹ́ òun ló ń dáàbò bò wọ́n.

Ìkejì, igi kan kì í dágbó ṣe. Ọ̀pọ̀ èròjà ló jọ wà nínú ewé ẹ̀fọ́ kan. Ẹyọ kan péré ni wọ́n yọ, wọ́n sì fún àwọn ènìyàn ní ìwọ̀n tó ju èyí tí oúnjẹ ń fúnni lọ.

Ìkẹta ló jinlẹ̀ jù. Bí mẹkáníìkì bá pààrọ̀ plọ́ọ̀gì ọkọ̀, plọ́ọ̀gì náà ni yóò máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ ara ẹ̀dá alààyè lè yí padà níbẹ̀. Nínú ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún èéfín sìgá, beta-carotene lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, àfọ́kù rẹ̀ sì lè ṣe sẹ́ẹ̀lì ní jàǹbá. Nígbà tí dókítà ọkùnrin 22,071 kópa nínú irú ìwádìí kan náà fún ọdún méjìlá ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló ń mu sìgá, ní ti jẹjẹrẹ, beta-carotene kò ṣe wọ́n lóore, kò sì ṣe wọ́n ní ibi.

Ẹ̀fọ́ kò jẹ̀bi o. Ẹ máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi àlàyé dídùn ta oògùn fún yín, ẹ bi í léèrè pé: ṣé wọ́n ti dán an wò lára irú ènìyàn bíi tèmi? Bí kò bá sì rí èsì fọ̀, ẹ má ṣe gbé e mì.