Bí Ara Ọmọ Yín Bá Ń Kọ Nǹkan, Dókítà Wo Ni Ẹ Ó Tọ̀ Lọ?

Ẹ̀yin ìyá wa ọ̀wọ́n, púpọ̀ nínú yín ni ó mọ irú òru yìí. Ọyẹ́ ti dé, eruku ti bo fèrèsé ilé ní Agbowó, ọmọ sì ti sùn, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń dún fée, fée. Ìyá a fi àdí pa á láyà, a fún un ní oògùn ikọ́, síbẹ̀ kò ní fi ojú ba oorun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ó bá di àárọ̀, aládùúgbò kan a ní òtútù ni, èkejì a ní aràn ni, ẹ̀kẹta a ní ayé ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òru náà a tún padà wá.

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ara ọmọ náà ń kọ nǹkan kan ni.

Kí ni à ń pè ní aléjì?

Ara ènìyàn ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Nínú ara àwọn ẹlòmíràn, ẹ̀ṣọ́ yìí a máa ṣi ohun tí kò lè pa ènìyàn lára mú fún ọ̀tá: eruku ilé, aáyán, ẹyin, ẹ̀pà, edé tàbí oògùn. Ní ọdún 1906 ni Clemens von Pirquet, dókítà àwọn ọmọdé ní ìlú Vienna, fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí di òní. Imú a máa ṣàn, ojú a máa pọ́n, ara a máa sú, a sì máa yún; ikọ́ fée náà sì wà lára rẹ̀. Kì í ṣe àrùn òyìnbó nìkan. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí a ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kárí ayé, Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tí a ti ṣe é.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara yíyún ni aléjì. Ẹ rántí kilorokúìnì tí a fi ń wo ibà kí ìjọba tó fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2005. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni ó ń họra bí wọ́n bá ti lò ó, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ kò ka púpọ̀ nínú rẹ̀ sí aléjì. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí dókítà yẹ ọmọ wò.

Ẹnu ọ̀nà wo ni ẹ ó gbà wọlé?

Dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aléjì nìkan kò pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ẹ má ṣe tìtorí èyí máa wá pátákó rẹ̀ kiri láti Dùgbẹ̀ dé Challenge. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ kọ́kọ́ tọ dókítà tí ń tọ́jú ìdílé yín lọ, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ring Road. Bí àìsàn náà kò bá lọ, ẹ bèèrè lẹ́tà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Orítamẹ́fà, tí a ṣí ní ọdún 1957. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni, dókítà àwọn ọmọdé ni kí ẹ bèèrè. Bí imú ni ó ń yọ àgbàlagbà lẹ́nu, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni. Bí ó bá jẹ́ awọ ara, dókítà awọ. Bí ó bá jẹ́ èémí, dókítà ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ẹ tó lọ, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ohun tí ọmọ jẹ, oògùn tí ó lò, ibi tí ó wà, aago tí ara rẹ̀ yí padà àti bí ó ti pẹ́ tó. Ẹ kọ ọ́ bí ikọ́ fée bá wà nínú ìdílé bàbá tàbí ìyá. Ìwé yìí ni dókítà tòótọ́ yóò kọ́kọ́ fẹ́ rí.

Ó lè ní kí a ṣe àyẹ̀wò lórí awọ. A ó kán ohun tí a fura sí sí apá ọmọ, a ó fi abẹ́rẹ́ kín-ń-kín gún ojú ibẹ̀, a ó sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 láti wò ó bí yóò wú. Ẹ sọ fún un bí ọmọ bá ń lo Piriton, nítorí ó lè ba àyẹ̀wò jẹ́. Ẹ bèèrè bí abẹ́rẹ́ adrenaline bá wà nítòsí. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tí kò bèèrè ìtàn ọmọ, tí ó kàn ka ẹyin, ẹja, wàrà àti ẹ̀wà léèwọ̀ fún un. Ebi lè ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀ ju aléjì lọ.

Bí dókítà bá fún ọmọ ní oògùn afàsímú, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Kì í di bárakú.

Ìgbà tí kò sí àyè ìdúró

Bí ètè tàbí ojú ọmọ bá wú lójijì lẹ́yìn oúnjẹ, abẹ́rẹ́ tàbí oró oyin, tí kò lè mí dáadáa, tí ó ń bì tàbí tí ó fẹ́ dákú, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù lọ, ní ẹ̀ka pàjáwìrì, lójú ẹsẹ̀.

Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìyá tí ó tètè bèèrè, tí ó sì ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, ti bá dókítà ṣe ìdajì iṣẹ́. Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa.