BÍ Ọ̀NÀ ỌKÀN BÁ DÍ: Ẹ̀BÙRÚ PẸ̀LÚ WÁYÀ

Ẹ bi àwọn àgbà Ìdógò léèrè nípa rélùwéè tó máa ń ti Ifọ̀ gba Ìlaròó wá parí sí ìlú wọn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe ọ̀nà irin ní Ìlaròó, ọkọ̀ ojú irin ò dé Ìdógò nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ọkàn rí. Bí ọ̀rá bá dí i pa, ibi tó ń bọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ọ̀nà méjì làwọn dókítà ń gbà tún un ṣe. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀bùrú. Ẹ̀yin ará ẹnubodè, ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ẹ ṣáà mọ ohun táwọn onífàyàwọ́ ń ṣe bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá dí títì. Dókítà á mú iṣan mìíràn lára aláìsàn, á fi fo ibi tó dí. Favaloro, ọmọ Ajẹntínà, ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1967. Èkejì ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ti ọrùn ọwọ́ tàbí abẹ́ itan kì wọlé. Wọn á fẹ bàlúùnù kékeré níbi tó há, wọn á fi sítẹ́ǹtì, tó dà bíi sípíríǹgì inú báírò, gbé e dúró. Ilẹ̀ Faransé ni èyí ti kọ́kọ́ wọ ọkàn èèyàn, ní 1986.

Èwo ló wá dáa jù? Iṣan kan wà lẹ́yìn egungun àyà. Bí wọ́n bá so ó mọ́ iṣan iwájú ọkàn, ó ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ tó ṣì máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 10. Iṣan ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀bùrú yòókù ò lálòpẹ́ tó yẹn. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ni kí wọ́n gba ojú ihò kékeré láàárín eegun ìhà so iṣan àyà, kí wọ́n fi sítẹ́ǹtì sáwọn iyókù, lọ́jọ́ kan náà tàbí lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò bá gbogbo aláìsàn mu o. Sítẹ́ǹtì ń fẹ́ oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ojú abẹ sì ń fẹ́ kẹ́jẹ̀ dì! Oníṣẹ́ abẹ àti oníwáyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jọ jókòó sọ ọ́.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà wa, bí ẹ bá gbẹ́rù tí àyà fún yín pọ̀ bíi pé wọ́n gbé ọlọ lé e, tẹ́ ẹ jókòó tó lọ, tẹ́ ẹ dìde tó tún dé, ẹ má kàn máa ra oògùn inú kíkùn. Ní Ilíṣàn-Rẹ́mọ, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ilé ìwòsàn Fásítì Babcock ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, wọ́n sì ti fi sítẹ́ǹtì sọ́kàn èèyàn. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ owó tó dé, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìlaròó ò jìnnà, kí dókítà ibẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kó sọ ibi tó kàn. Bí ìrora náà bá sì kọ̀ tí ò lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti jókòó, ẹ má dúró dìgbà tí ọjà bá tú.