Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Mítà Kí A Tó Fi Owó Kún Owó

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan owó ẹgbẹ́, nítorí náà a bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń fẹjọ́ sùn pé, bí ọjọ́ ìyáwó bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ojú òpó ayélujára ẹgbẹ́ wa kì í fẹ́ ṣí mọ́. Ẹni tó wà ní Ìròlú níbí lè rìn wá sí ọ́fíìsì wá wo ìwé rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti ní òkè òkun ńkọ́? Orí ojú òpó yìí ni wọ́n ti ń wo iye tí wọ́n ní nílẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni onídùúró ti ń fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tó fẹ́ yáwó. Bí kò bá ṣí, ẹlòmíràn a pàdánù ìyáwó oṣù yẹn.

Ohun tó yá àwọn kan lẹ́nu ni pé kí ẹgbẹ́ kúkú san owó fún àyè tó tóbi jù. Àwa kò sọ pé kí a má san án o. Ohun tí à ń sọ ni pé kí a wo mítà ná.

Ṣé ẹ rí i, ojú òpó wa kò dá ilé gbé. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà ló wà, ojú òpó àwọn ẹlòmíràn sì pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bí ayálégbé ti í pọ̀ nínú ilé tó jẹ́ pé kànga kan ni gbogbo wọn ń fà. Kí ẹnì kan má baà fa omi náà tán, onílé fi òṣùwọ̀n sí i fún kálukú. Òṣùwọ̀n wà fún CPU, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Òmíràn wà fún RAM, tí a lè fi wé tábìlì tó ń tẹ́ iṣẹ́ sí. Ó wà fún àyè ìpamọ́, fún iye fáìlì, fún dátà oṣooṣù, àti fún iye iṣẹ́ tí ojú òpó lè máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá kọ́kọ́ kún lè dá iṣẹ́ dúró, bí àwọn yòókù tilẹ̀ ṣófo.

Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta irú àyè bẹ́ẹ̀, a máa rí mítà yìí nínú cPanel, níbi tí wọ́n kọ Resource Usage sí. Yóò fi hàn wá ọjọ́ àti wákàtí tí a kan òrùlé, àti ohun tó kún. Bí ẹni tó fẹ́ wọlé bá rí 508, ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà púpọ̀ ni pé òṣùwọ̀n wa ti kún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ẹnu ọ̀nà 20 ni wọ́n fún wa. Bí ìbéèrè kan bá ń gba ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá, ìbéèrè 40 la lè dá lóhùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá 10, ìbéèrè 2 péré ni. Ẹnu ọ̀nà kò yí padà, ìlọ́ra ló dí i. A lè ra ẹnu ọ̀nà 40, kí ìlọ́ra tún dí ìyẹn náà.

Owó nìkan kì í tún irú nǹkan báyìí ṣe. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2013, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí HealthCare.gov, níbi tí àwọn ará ìlú yóò ti máa ra ìnṣọ́ránsì ìlera. Owó ńlá ni wọ́n ná sí i, síbẹ̀ ènìyàn 6 péré ló rí i rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lára ohun tí àwọn tó wá tún un ṣe kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gbé mítà sí i, kí wọ́n lè rí ibi tó ti ń há. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lò ó geerege.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà tí kò bá ṣí ni ẹjọ́ wà lọ́wọ́ sáfà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì há ní Nàìjíríà, àwọn báńkì náà fara gbá a. Ẹni tó bá ra àyè ńlá lọ́jọ́ yẹn, òfo ló rà.

Kí ni ó máa ń jẹ àyè ẹni? Ẹ̀dà ìpamọ́ àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kó kúrò. Ímeèlì játijàti tó ti ń kóra jọ láti ọdún mélòó. Ètò tí a fi kún ojú òpó tí a kò lò mọ́. Iṣẹ́ ìpamọ́ tó ń lọ lọ́sàn-án gangan nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ ń wọlé, tó sì yẹ kó máa lọ lóru. Àwọn ẹ̀rọ tó ń rìn kiri íntánẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀: Google ń rán tirẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ AI ń rán tiwọn. Wọn kò yáwó, wọn kò dá owó, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́.

Nítorí náà, àbá wa nìyí. Kí a máa kọ òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan sínú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ọjọ́ ìyáwó lọ́tọ̀. Kí a kó ẹ̀dà ìpamọ́ sí ọ́fíìsì, kí a dán an wò pé ó ṣí, kí a tó pa ti orí sáfà rẹ́. Lẹ́yìn náà, bí mítà bá ṣì ń kan òrùlé lọ́jọ́ ìyáwó, kí ìpàdé gbogboogbò dìbò pé kí a san owó náà, a ó sì mọ ìdí tí a fi san án. Bí kò bá kàn án mọ́, owó yẹn yóò dúró sínú àpò fún ẹni tó fẹ́ yá a.

Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti dé Nàìjíríà ní 1935 ni yíyẹ ìwé owó wò ti jẹ́ ara ìṣe wa. Ìwé mítà yìí kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ rí i, kó béèrè lọ́wọ́ wa. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.