Àwòrán ilé tó ń tan iná: ohun tí ha-floorplan lè ṣe níbi tí NEPA kò dé

Ní Zion Pepe, létí òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èèyàn kì í jókòó retí NEPA. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìlú tó wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà fi wà láìsí iná ìjọba. Ẹni tó lówó epo tan jẹnẹrétọ̀, ẹni tó rí owó sólà rà á. Ìbéèrè tibẹ̀ ni pé: mélòó ló kù nínú bátìrì? Ta ló fi fíríìjì sílẹ̀ ní títàn? Ṣé omi inú táǹkì á tó di àárọ̀? Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó lè kó ìdáhùn gbogbo rẹ̀ sójú àwòrán ilé kan ṣoṣo. ha-floorplan ni wọ́n ń pè é.

Orí Home Assistant ló ń ṣiṣẹ́. Paulus Schoutsen ló bẹ̀rẹ̀ Home Assistant ní ọdún 2013, èdè Python ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè ka kóòdù rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni ó ti wà lábẹ́ àjọ Open Home Foundation ní orílẹ̀-èdè Switzerland, kí olówó kan má baà rà á mọ́ wa lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó kó gílóòbù, ínfátà, pánpù àti sẹ́ńsọ̀ láti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sábẹ́ àkóso kan. Bí nǹkan bá sì ti pọ̀ níbẹ̀, orúkọ ni ẹ óò máa rí, ìlà lórí ìlà, ẹ kò ní mọ èwo ni ti yàrá ìyá àgbà mọ́. Ìdí nìyẹn tí Petar Kozul fi ṣe ha-floorplan.

Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò ya ilé yín. Inkscape, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, dára fún un, kí ẹ sì fi àwòrán náà pamọ́ bíi fáìlì SVG. SVG kì í ṣe fọ́tò. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó fa ìlà níbí, kó ya òbìrí lọ́hùn-ún, nítorí náà gbogbo ìlà àti òbìrí ló lè ní orúkọ. Orúkọ yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ pe òbìrí kan ní «ina-ita», kí ẹ kọ ìlà díẹ̀ sínú fáìlì ètò pé òun ló dúró fún gílóòbù ìta. Bí gílóòbù bá tàn, òbìrí á di yẹ́lò. Bí ẹ bá fọwọ́ kan òbìrí náà lórí fóònù, gílóòbù á kú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ ilé. Bóyá bíríkì ni ògiri tàbí pákó, bóyá orí ilẹ̀ ni ilé wà tàbí orí òpó nínú omi, kò kàn án. Ẹ ya afárá onípákó mọ́ ọn, ẹ ya èbúté, ẹ ya ṣọ́ọ̀ṣì àti táǹkì rẹ̀. Ohun tó bá ti lórúkọ á gbọ́ràn.

Kò tún nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́. Inú ilé ni gbogbo rẹ̀ wà, lórí kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi tí iná tó ń jẹ kò ju wáàtì díẹ̀ lọ. MQTT, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ fi ń jíṣẹ́ fún un, ìdí epo rọ̀bì ló ti wá: Andy Stanford-Clark ti IBM àti Arlen Nipper ló ṣe é ní ọdún 1999 láti máa fi sátẹ́láìtì ṣọ́ páìpù epo, níbi tí ìsopọ̀ ti wọ́n lówó tí kò sì ṣeé gbára lé. Ìlàjẹ ti ń wo àwọn tó ń wa epo lójú òkun wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Kò burú bí wọ́n bá rí nǹkan kékeré yìí mú nínú rẹ̀.

Kì í sì í ṣe àjèjì níbẹ̀ kí ìlú máa pèsè iná fún ara rẹ̀. Ayétòrò, tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní ọdún 1947 létíkun kan náà, ti ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ tanná ní àwọn ọdún 1950.

Ìṣòro rẹ̀ wà o. Atẹ́gùn oníyọ̀ á jẹ wáyà àti sẹ́ńsọ̀ tí a kò bá dì dáadáa. A lè so sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn omi mọ́ abẹ́ ilé, kí àwòrán máa fi hàn bí omi ṣe ń ga sí i, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè dá òkun padà. Fáìlì ètò náà kò sì gba gbẹ̀rẹ́: bí àlàfo kan ṣoṣo bá ṣì, gbogbo rẹ̀ á kọ̀, nítorí náà ó dáa kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ju ẹyọ kan lọ nínú ilé.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Bátìrì olómi ásíìdì tí wọ́n bá ń fà kọjá ìdajì lójoojúmọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré. Ẹ ya bátìrì náà sí àárín ilé, kí ẹ kọ ọ́ sínú ètò pé bó bá ti di ìdajì, kó pọ́n lójú fóònù gbogbo ará ilé, kí ẹ tó máa wá ẹni tó tan tẹlifíṣọ̀n.