Ìpadàbọ̀ Ọba Akítóyè sórí Ìtẹ́ Èkó ní 1851

Ọmọ Òkè-Ògùn tí ó bá ti gbọ́ ìtàn Ìgbòho mọ̀ pé ọba a máa sá kúrò lórí ìtẹ́, ilé rẹ̀ a sì tún máa padà síbẹ̀. Àwọn Tápà ni wọ́n lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ọba mẹ́rin ni ìtàn sọ pé wọ́n sin sí Ìgbòho kí Abípa tó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sílé. Ọ̀tá òde ni ó lé àwọn yẹn. Ti Akítóyè, ọba Èkó, kò rí bẹ́ẹ̀: ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó lé e, àjèjì ni ó sì dá a padà.

Ní 1841 ni Akítóyè, ọmọ Ológun Kútere, jọba lẹ́yìn ikú Olúwọlé. Kòsọ́kọ́, ọmọ Oṣínlókun, ti ń fojú sí oyè náà tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ti bá Elétù Òdìbò, àgbà afọbajẹ, jà nítorí obìnrin, ó sì wà ní ìgbèkùn ní Ouidah. Akítóyè ní kí ó máa bọ̀ wálé. Elétù kìlọ̀ títí. Nígbà tí wọn kò gbọ́ tirẹ̀, ó bínú lọ sí Àgbádárìgì. Ọba tilẹ̀ tún fi Kòsọ́kọ́ joyè. Bóyá àánú ni, bóyá ọgbọ́n à-ń-foyè-tu-ọ̀tá-lójú ni, kò tu Kòsọ́kọ́ lójú. Nígbà tí ọba ránṣẹ́ pe Elétù padà ní 1845, ogun bẹ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ogun Olómirò. Wọ́n dó ti ààfin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ni ìtàn sọ pé ó jẹ́ kí ọba rí ọ̀nà sá lọ.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè kíyè sí i pé lílé ni wọ́n lé Akítóyè. Wọn kò rọ̀ ọ́ lóyè. Lójú àwọn tirẹ̀, ọba ni ó ṣì jẹ́ ní Abẹ́òkúta tí ó kọ́kọ́ sá sí, àti ní Àgbádárìgì lẹ́yìn náà. Ìjà àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì tẹ̀ lé e débẹ̀: ní oṣù Kẹfà 1851, wọ́n sun apá púpọ̀ nínú ìlú Àgbádárìgì.

Akítóyè bẹ Beecroft, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣèlérí pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Bẹ́ẹ̀, òwò náà kò dáwọ́ dúró ní Èkó nígbà tí òun gan-an wà lórí oyè. Ẹni tí ilé rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í yan ohun tí yóò ṣèlérí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ irú ọ̀rọ̀ yìí nílé tiwọn. Ní 1470, nígbà ogun abẹ́lé, Warwick, ìjòyè alágbára, dá Henry Kẹfà padà sórí ìtẹ́. Warwick ni ó ń pàṣẹ. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ìjọba náà sì pé.

Ní oṣù Kọkànlá 1851, Kòsọ́kọ́ lé ọkọ̀ ogun wọn sẹ́yìn. Ní òpin oṣù Kejìlá, wọ́n tún yìnbọn sí ìlú títí Kòsọ́kọ́ fi sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Akítóyè padà sí ààfin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852 ni ó fọwọ́ sí àdéhùn: kò sí òwò ẹrú mọ́, kí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn míṣọ́nnárì máa ṣe tiwọn láìsí ìdíwọ́. Kòsọ́kọ́ tún gbógun wá ní oṣù Kẹjọ 1853. Akítóyè kú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Dòsùmú ọmọ rẹ̀ jọba, ó sì fọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1861. Kòsọ́kọ́ náà padà wálé ní 1862, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọba, ó sì kú sí Èkó ní 1872.