Àáké àti Ọ̀bẹ Agbẹ́gilére
Igi àti irin

Láàárín ọdún 1800 sí 1899, láti Èjìgbò dé Ìlá Ọ̀ràngún, ilé ọ̀gá ni ilé ìwé iṣẹ́ ọnà. Ọmọ agbẹ́gilére a máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn, òbí rẹ̀ ni í mú un lọ bá ọ̀gá. Yóò máa gbé ibẹ̀, yóò máa jíṣẹ́, yóò sì máa pọ́n irinṣẹ́ kí igi tó kàn án.

Ìpele mẹ́rin ni ère ń gbà. Ní ọ̀nà lílé, àáké a la orí, ara àti ẹsẹ̀ sójú igi. Ní àlétúnlé, ojú àti etí a yọ. Ní dídán, ọ̀bẹ a mú ara ère jọ̀lọ̀. Ní fínfín, ṣóńṣó ọ̀bẹ a fín ilà ojú àti irun orí. Iṣẹ́ tó rọrùn ni ọmọṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ló ń lé ọ̀nà.

Ìlànà kíkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí kò parun. Ní ibi iṣẹ́ ọnà Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí Fadá Kevin Carroll darí láti 1947 sí 1954, Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá agbẹ́gilére George Bándélé.